Ẹ Kọ Ìwọ̀n Rẹ̀ Sínú Káàdì: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọkàn àti Ìtànṣán

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àmì ohùn tàbí ti ẹ̀ka-èdè tí a sábà máa ń jiyàn lé lórí níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ àìsàn ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá mi ká a dé òpin, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ èdè náà ni.

Àbúrò ìyá mi kan ń gbé ní Ṣágámù, obì gbànja ni ó ń tà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn dókítà rí jẹjẹrẹ nínú ọmú rẹ̀ òsì. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì ní kí ó lọ gba ìtọ́jú onítànṣán ní ìlú ńlá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ ti ọ̀hún dé, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ tí o kàwé, wọ́n ní àwọn yóò wọn iná tí yóò kan ọkàn mi. Ṣé ọkàn mi ni wọ́n fẹ́ jó ni?" Mo ní, "Màámi, ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì." Dókítà ni gbogbo ayé ń pè mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n dókítà èdè ni mí, n kò sì mọ ohun tí mo lè sọ. Ìyá ti pinnu pé òun kò padà lọ mọ́.

Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo tọ àwọn tí ó mọ̀ lọ, mo sì ka ohun tí mo lè kà. Ohun tí mo kọ́ nìyí.

Ìtànṣán ni wọ́n fi ń pa àwọn ìyókù jẹjẹrẹ tí ọ̀bẹ kò rí. Àmọ́ inú àyà ni ọkàn wà, ó sì tẹ̀ sí apá òsì díẹ̀. Nítorí náà, ìtànṣán tí a dojú rẹ̀ kọ ọmú òsì lè kan iwájú ọkàn bí ó ti ń kọjá. Àwọn baba wa ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Níhìn-ín, òsì kò ní èèwọ̀ kankan nínú, ibi tí Ẹlẹ́dàá gbé ọkàn sí ni.

Kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ yóò ya àwòrán àyà obìnrin náà ní ìpele ìpele, bí ìgbà tí a bá rẹ́ búrẹ́dì. Wọn yóò fa ìlà yí ọkàn ká lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà yóò sì ṣírò iye ìtànṣán tí yóò bọ́ sí apá kọ̀ọ̀kan ọkàn náà. Wọn yóò wá wá ìpíndọ́gba rẹ̀. Gray ni orúkọ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń kà á, láti ara Louis Harold Gray, onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1975 ni ayé fẹnu kò lé orúkọ náà. Ó ń sọ iye agbára tí kílógíráàmù kan nínú ẹran ara gbà sára.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sí oko tèmi. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó dẹ́rù ba Màmá: *ọkàn* àti *iná*. Nínú èdè wa, ọkàn ni ó ń lu kìkì nínú àyà, ọkàn náà ni a fi ń ronú, òun náà ni ó ń balẹ̀ tàbí tí ó ń dàrú. Bí o bá sọ fún ìyá àgbà kan pé nǹkan yóò kan ọkàn rẹ̀, kì í ṣe ẹran ara nìkan ni ó gbọ́. Ó gbọ́ ẹ̀mí, ó gbọ́ ìrònú. Ó yẹ kí a là á yé e pé ọkàn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ ká ara ni à ń wí.

Ti *iná* tún burú ju ìyẹn lọ. Iná máa ń jóni lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá ta ọ́ lára, o mọ̀ pé kò jó ọ. Ìtànṣán tí ó kan ọkàn kì í ta ènìyàn lára rárá, ìpalára rẹ̀ sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó farahàn. Iyọ̀ ni èmi yóò fi wé. Bí iyọ̀ bá ti yọ́ sínú ọbẹ̀ tán, ojú kò lè sọ iye rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó wọ̀n ọ́n kí ó tó dà á sínú ìkòkò nìkan ni ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo ìwádìí kan tí Sarah Darby ti Yunifásítì Oxford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2013. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò àwọn obìnrin 2,168 tí wọ́n gba ìtọ́jú onítànṣán fún jẹjẹrẹ ọmú ní Sweden àti Denmark láàárín ọdún 1958 sí 2001. Ìpíndọ́gba ohun tí ó kan ọkàn àwọn tí jẹjẹrẹ wọn wà ní òsì jẹ́ Gray 6.6, ti àwọn ti apá ọ̀tún jẹ́ 2.9. Bí Gray kan bá ti ń lé, ewu àìsàn ńlá nínú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn ń fi ìdá 7.4 nínú ọgọ́rùn-ún lé. Ewu náà ti ń yọjú láàárín ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, ó sì lè tẹ̀ lé ènìyàn fún ogún ọdún, ó kéré tán.

Ṣùgbọ́n ìdá 7.4 ti kí ni? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí agbọ̀n obì kan bá jẹ́ ₦10,000, tí a ní owó rẹ̀ fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé, ₦1,500 ni; bí ẹyọ obì kan bá jẹ́ ₦100, ₦15 péré ni. Ìdá kan náà ni, owó rẹ̀ kò dọ́gba. Ká sọ pé nínú 1,000 obìnrin, 40 ni irú àìsàn ọkàn bẹ́ẹ̀ yóò ṣe bí wọn kò tilẹ̀ gba ìtànṣán rárá. Bí Gray méjì bá kan ọkàn gbogbo wọn, 40 yóò di bíi 46. Ẹni mẹ́fà ló lé. Ẹni mẹ́fà kì í ṣe ohun tí a ń fojú rénà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ó mú ènìyàn sá kúrò nílé ìwòsàn.

Ìwádìí ńlá mìíràn tí ó jáde ní ọdún 2011, lórí àwọn obìnrin 10,801 tí wọn kò gé ọmú wọn kúrò pátápátá, fi hàn pé ìtànṣán dín iye àwọn tí jẹjẹrẹ padà sí lára láàárín ọdún mẹ́wàá kù, láti 35 sí 19 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo kà á fún Màmá, mo fi obì ṣe àlàyé rẹ̀. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé ohun tí wọ́n fẹ́ sọ fún mi nìyẹn?" Ó padà lọ, ó sì parí ìtọ́jú rẹ̀.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé. Èyí àkọ́kọ́: kí wọ́n máa kọ ìwọ̀n ìtànṣán tí ó kan ọkàn sínú káàdì tí obìnrin náà yóò mú lọ sílé. Ẹ rò ó wò. Bí ẹnì kan bá ti Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ṣágámù lọ gba ìtànṣán ní UCH Ìbàdàn, tàbí ní ibùdó jẹjẹrẹ NSIA-LUTH tí wọ́n ṣí ní Èkó ní ọdún 2019, ilé ni yóò padà sí. Bí ọkàn bá ń dà á láàmú lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ OOUTH ní Ṣágámù tàbí ilé ìwòsàn Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn ni yóò lọ. Báwo ni dókítà ibẹ̀ yóò ṣe mọ̀ bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀? Ohun tí ó jẹ́ kí ìwádìí ọdún 2013 yẹn ṣeé ṣe ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera Sweden àti Denmark kọ bí wọ́n ti tọ́jú aláìsàn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n sì tọ́jú ìwé náà. Láti ara ìwé yẹn ni wọ́n ti padà ṣírò ohun tí ó kan ọkàn àwọn tí a tọ́jú láti ọdún 1958.

Èyí kejì: kí wọ́n sọ ọ́ fún un ní èdè tí ó gbọ́, kí wọ́n sì sọ pé ọ̀nà wà láti dín in kù. Ọ̀kan nínú wọn ni kí obìnrin náà mí kanlẹ̀, kí ó sì sé èémí náà mọ́ra fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀dọ̀fóró yóò kún, ọkàn yóò sì sún kúrò lẹ́bàá ọmú. Ohun tí aláìsàn gbọ́dọ̀ fi èémí ara rẹ̀ ṣe ni. Báwo ni yóò ṣe ṣe é dáadáa bí a kò bá fi èdè rẹ̀ là á yé e?

Àwọn kan yóò ní irú ìṣirò báyìí yóò dẹ́rù ba àwọn ìyá wa. Mo gbà pé ẹnu tí a fi sọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n iye kọ́ ni ó dẹ́rù ba Màmá, àdàpè tí kò péye ni. Obìnrin tí ó ti ń ta obì láti ìgbà èwe rẹ̀ mọ ìṣirò èrè àti àdánù ju èmi lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, nígbà tí ẹ bá tún ń wá àkòrí fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, ẹ rántí ilé ìwòsàn. Ẹ lọ jókòó síbi tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ àti ohun tí wọ́n rò pé dókítà sọ. Àlàfo àárín méjèèjì ni oko wa, igbó sì ti kún un.

Ọlọ́run kò ní í fi àìsàn ṣe ìpín wa o. Ire o.