Ẹ̀jẹ̀ Ríru: Kí A Wọ̀n Ọ́n Kí Ó Tó Gbé Wa Ṣánlẹ̀

Kò sí oṣù kan tí ó ń kọjá lọ tí a kì í gbọ́ irú ìròyìn yìí. Ọkùnrin kan jí ní òwúrọ̀, ó wẹ̀, ó jẹun, ó sì kí àwọn ará ilé rẹ̀ pé ó di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ó ti ṣubú lulẹ̀ ní ibi iṣẹ́, kò sì dìde mọ́. Obìnrin kan ń pàtẹ ọjà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ṣàdédé rí i pé apá òun kan kò ṣeé gbé mọ́, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn ìbátan yóò ti máa wádìí ẹni tí ó ṣe é. Àwọn kan yóò ní àbúrò bàbá rẹ̀ ni, nítorí ilẹ̀ tí wọ́n ń jà sí. Àwọn mìíràn yóò ní orogún ìyá rẹ̀ ni. Wọn yóò wá inú ilé, wọn yóò wá inú oko. Ibi kan ṣoṣo tí wọn kò ní wò ni inú ara ẹni tí ó ṣubú náà.

Àwa kò wí pé ọmọ aráyé kò ní ọ̀tá. Ohun tí a ń wí ni pé kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Púpọ̀ nínú irú ikú òjijì báyìí, àti púpọ̀ nínú àrùn ẹ̀gbà tí ó ń sọ abarapá di ẹni tí a ń gbé dìde tí a ń gbé jókòó, ọwọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ti ń wá. Èrò tí a fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: kí olúkúlùkù àgbàlagbà, lọ́kùnrin lóbìnrin, máa lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ le koko, kí ó má ṣe dúró de ọjọ́ tí ara yóò fi sọ fún un. Nínú ọ̀ràn yìí, ara kì í sábà sọ.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí Ẹlẹ́dàá ti ṣètò ẹ̀jẹ̀ nínú ara wa. Ọkàn ènìyàn kò tóbi ju ìkúùkù rẹ̀ lọ, síbẹ̀ kò sí òṣìṣẹ́ tí ó tó o. Ó ń lù ní ìwọ̀n ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí í ṣe nǹkan bí ìgbà 100,000 láti òwúrọ̀ ọjọ́ kan sí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nínú àgbàlagbà tó ìwọ̀n lítà 5, ọkàn sì ń gbé iye tí ó tó gbogbo rẹ̀ kiri ara ní ìṣẹ́jú kan péré. Ó pẹ́ kí ayé tó mọ èyí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù gbà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún pé ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe ẹ̀jẹ̀, pé ara sì ń lò ó tán bí iná ti ń lo epo àtùpà. Ní ọdún 1628 ni dókítà William Harvey, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó ń lọ tí ó sì ń bọ̀, àti pé ọkàn ni ó ń tì í.

Bí ọkàn ti ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà ń ti ògiri àwọn iṣan tí ó ń gbà kọjá. Títì yìí ni ipá ẹ̀jẹ̀. Kò burú; láìsí i, a kò lè wà láàyè. Omi ẹ̀rọ tí kò ní ipá kò lè gun òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ̀jẹ̀ tí kò ní ipá kò sì lè gun inú ọpọlọ. Ṣùgbọ́n bí ipá omi bá pọ̀ ju èyí tí páìpù lè gbà lọ, ibi tí páìpù náà ti rẹlẹ̀ jù lọ ni yóò ti bẹ́. Bí ó bá bẹ́ nínú ọpọlọ, ẹ̀gbà dé. Bí iṣan náà kò bá tilẹ̀ bẹ́, ògiri rẹ̀ lè nípọn kí ó sì le, títí ọ̀nà inú rẹ̀ yóò fi há. Nígbà náà ọkàn gbọ́dọ̀ fi agbára kún agbára. Ara rẹ̀ yóò nípọn bí apá alágbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe níní agbára ni èyí. Ó ń le gan-an ni, bí ó bá sì pẹ́ títí, àárẹ̀ yóò mú un.

Ẹ̀yà ara kan sì tún wà tí a kì í sábà rántí, èyíinì ni iwe méjèèjì, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní kíndìnrín. Ẹ̀yìn ni wọ́n wà, lókè ìbàdí díẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde, tí a bá pín in sí ọ̀nà márùn-ún, ìpín kan ń kọjá lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ń sẹ́ omi ẹ̀jẹ̀ tí ó tó lítà 180 lójúmọ́, bí ìgbà tí a bá ń sẹ́ ògì; wọn a dá èyí tí ó dára padà sínú ara, nǹkan bí lítà kan ààbọ̀ péré ni ó sì ń di ìtọ̀. Àwọn ni wọ́n ń pinnu iye iyọ̀ àti iye omi tí yóò kù sínú ara, nítorí náà ọwọ́ wọn ni èèkù ipá ẹ̀jẹ̀ wà. Bí ipá ẹ̀jẹ̀ bá ga fún ìgbà pípẹ́, a máa ba asẹ́ wẹ́wẹ́ inú iwe jẹ́. Bí iwe bá sì ti bàjẹ́, kò ní lè tu iyọ̀ dànù bí ó ti yẹ mọ́, ipá ẹ̀jẹ̀ yóò sì tún ga sí i. Ọ̀kan ń ba èkejì jẹ́, èkejì náà sì ń san án padà fún un. Gbogbo èyí lè máa lọ lábẹ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, kí ẹni tí ó ni ara náà má sì ní orí fífọ́ kan pàtó tí yóò tọ́ka sí.

Ibí yìí gan-an ni a ti ń fi ara wa ṣe àṣìṣe. Ó ti mọ́ wa lára kí a máa fi ìrora mọ àìsàn. Ẹni tí eyín ń dùn yóò wá oògùn eyín. Ẹni tí ibà mú yóò wá oògùn ibà. Ẹni tí nǹkan kan kò dùn yóò ní, “Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe lọ́dọ̀ dókítà?” Àwọn àgbà sì ti bá wa wí: ìpàkọ́ onípàkọ́ ni à ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ni í bá ni rí tẹni. Ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ ìpàkọ́ tiwa. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n ni ẹni ẹlẹ́ni tí yóò bá wa rí i. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àwọn ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 30 sí 79 tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní gbogbo ayé tó bílíọ̀nù 1.28, àti pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí kò mọ̀ pé àwọn ní in.

Wíwọ̀n ọ́n kò nira rárá. Nígbà kan, ó nira. Àlùfáà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Stephen Hales, ni ó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, tí ó sì ròyìn rẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ ní ọdún 1733. Ó la iṣan ẹṣin kan, ó ki páìpù bọ̀ ọ́, ẹ̀jẹ̀ náà sì gòkè nínú gíláàsì gígùn ju ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ. Ní ọdún 1896, Scipione Riva-Rocci ti ilẹ̀ Ítálì ṣe aṣọ tí a ń dì mọ́ apá tí a sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Ní ọdún 1905, Nikolai Korotkov ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà fi hàn bí a ti lè fi etí gbọ́ iye rẹ̀. Láti ìgbà náà, a kò ta ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ mọ́. Kí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó fi ẹ̀yìn ti àga, kí ó gbé apá lé tábìlì ní ọ̀gangan àyà rẹ̀, kí ó má sọ̀rọ̀: iṣẹ́ ti parí. Iye méjì ni a ó sọ fún un. Ti òkè ni ipá ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọkàn bá fún pọ̀. Ti ìsàlẹ̀ ni ipá rẹ̀ nígbà tí ọkàn bá sinmi. Bí ó bá wà ní àyíká 120 lórí 80, ó dára. Bí ó bá tó 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì, ọ̀rọ̀ di ti dókítà.

Àwọn kan máa ń wí pé àìsàn olówó ni èyí, tàbí àìsàn àwọn òyìnbó. Irọ́ ni. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládìpọ̀ Olújìmí Akínkùgbé, ọmọ Oǹdó tí a bí ní ọdún 1933 tí ó sì kú ní ọdún 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣe ìwádìí àìsàn yìí ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1972 ó tẹ odidi ìwé kan jáde lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láàrin àwọn ènìyàn dúdú. A ti gbọ́, a kò lè wí pé a kò gbọ́.

Bí ipò àti ọlá bá lè gba ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ìbá ti gba Franklin Roosevelt, Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, iye tirẹ̀ jẹ́ 186 lórí 108. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin ọdún 1945 ni iṣan bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Iye tí dókítà rẹ̀ bá ní ọjọ́ náà ju 300 lórí 190 lọ, ó sì kú ní ẹni ọdún 63. Àwọn dókítà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní oògùn rere kan tí wọ́n lè fún un, nítorí ọdún 1958 ni irú oògùn onírọ́rùn tí ń mú kí iwe tu iyọ̀ dànù jáde. Oògùn tí olórí ilẹ̀ tí ó lágbára jù lọ ní ayé kò rí lò ní ọjọ́ náà, ilé ìtajà oògùn tí ó wà ní ìgboro wa ń tà á lónìí. Ǹjẹ́ kò dunni pé kí a máa kú ikú Roosevelt nígbà tí a kò sí ní ayé Roosevelt mọ́?

A mọ èsì tí àwọn mìíràn yóò fún wa. Wọn yóò ní ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ oògùn náà kò ní lè fi í sílẹ̀ mọ́. Òtítọ́ wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n a kò fi oúnjẹ sílẹ̀ nítorí pé ojoojúmọ́ ni a ń jẹ ẹ́. Èyí tí ó burú jù ni ti ẹni tí ó lo oògùn fún oṣù méjì, tí wọ́n wọ̀n ọ́n tí ó ti wálẹ̀, tí ó wá ní ara òun ti yá, tí ó sì da oògùn nù. Oògùn ni ó mú un wálẹ̀. Bí a bá yọ ọwọ́ oògùn, yóò tún gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yá oògùn ẹlòmíràn lò, nítorí ohun tí ó bá ọ̀kan lára mu lè pa èkejì lára. Ẹni tí ó bá sì ń lo àgbo, kí ó má fi pamọ́ fún dókítà.

Àwọn mìíràn yóò ní owó kò sí. Èyí ni èsì tí ó wúwo jù lọ, a kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Òfin ìlera tí a ṣe ní ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo olùgbé Nàìjíríà wà nínú ètò ìlera alájọdá owó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá àwọn àgbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn ọlọ́jà, kò tíì sí nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a máa ń pe ẹni tí ó wà láàrin ọdún 40 sí 74, tí a kò mọ àìsàn kan mọ́, wá fún àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní ọdún márùn-ún. A kò ní kí ìjọba wa ṣe gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí ẹ̀rọ tí ó péye wà ní gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́dé, kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru má wọ́n níbẹ̀, kí ó má sì tán níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó ṣe tirẹ̀, a lè ṣe tiwa. Àwa tí a máa ń dá aṣọ ẹgbẹ́, tí a máa ń dá èésú, ǹjẹ́ a kò lè dá owó ẹ̀rọ kan? Kí ẹgbẹ́ ìlú, ìjọ, mọ́sálásí àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà ra ẹ̀rọ kan, kí nọ́ọ̀sì kan nínú wọn máa wọ̀n ọ́n fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé. Kí aláboyún má ṣe pa ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ̀ jẹ, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún lè pa ìyá àti ọmọ. Nínú ilé, kí a dín iyọ̀ kù: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ti àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, èyí tí kò tó ṣíbí ìpotíì kan. Kí a sì rántí pé iyọ̀ wà nínú magí, ó wà nínú búrẹ́dì, ohun kan náà tí ń da ẹ̀jẹ̀ láàmú nínú iyọ̀ sì wà nínú kán-ún tí a fi ń se ewédú àti ẹ̀wà. Kí a máa fi ẹsẹ̀ rìn, kí a jẹ ẹ̀fọ́ àti èso, kí a dín ọtí kù, kí a sì pa sìgá tì.

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tí ó bá ti lé ní ogójì ọdún nínú yín, tí kò sì lè sọ iye méjì tirẹ̀ bí a bá bi í léèrè nísinsìnyí, òun gan-an ni a kọ ọ̀rọ̀ yìí sí. Kí ó má ṣe jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí parí kí ó tó lọ bèèrè wọn.