Kí Wọ́n Tó Fọ́máàtì Kọ̀ǹpútà Yín

Gbogbo òtòkùlú ìlú pé jọ, wọn kò rí oògùn àbámọ̀ ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, ọ̀rọ̀ náà kò sì yẹ̀ títí di òní. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àbámọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti olè, kì í sì í ṣe ti iná. Àbámọ̀ tí a ń fi owó ara wa rà lọ́wọ́ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ni.

Ẹ̀yin náà mọ bí ó ti máa ń rí. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ó wò ó títí, ó ní, “Ọ̀gá, àfi ká fọ́máàtì ẹ̀.” Ẹ ní kò burú. Nígbà tí ẹ padà dé ní ìrọ̀lẹ́, kọ̀ǹpútà ń sáré bí ẹṣin, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwádìí tí ọmọ yín fi ọdún méjì kọ ní yunifásítì kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwòrán ìsìnkú bàbá yín ti lọ. Orúkọ àwọn oníbàárà tó jẹ yín lówó ti bá a lọ. Ta lẹ fẹ́ bá jà? Ohun tí ẹ ní kí ọmọ náà ṣe ló ṣe.

Ẹ má rò pé àwọn tí kò mọ kọ̀ǹpútà nìkan nirú èyí ń bá. Ní ọdún 1998, iléeṣẹ́ Pixar ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń jẹun, ń ṣe fíìmù Toy Story 2 lọ́wọ́. Ẹnì kan pàṣẹ ìparẹ́ fún kọ̀ǹpútà níbi tí kò yẹ, nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 iṣẹ́ náà sì pòórá. Wọ́n sáré lọ sídìí ẹ̀dà tí wọ́n rò pé àwọn ń pa mọ́, ẹ̀dà náà kò pé. Obìnrin kan láàrin wọn, Galyn Susman, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tó sì ń ṣiṣẹ́ láti ilé, ni Ọlọ́run fi kó wọn yọ: ẹ̀dà kan wà nínú kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀. Wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé e bí ọmọ tuntun, wọ́n rọra fi mọ́tò gbé e dé ibi iṣẹ́. Fíìmù náà jáde ní ọdún 1999. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn ní ẹ̀dà, ọ̀tọ̀ ni kí ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ ra fláàṣì tàbí háàdì díìsìkì tó dá dúró. Ẹ kó Documents, Pictures àti Downloads sínú rẹ̀, ẹ má sì gbàgbé Desktop, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kó ẹrù wọn sí. Ẹ má kó wọn sí D nínú kọ̀ǹpútà kan náà kí ẹ ní ẹ ti pa wọ́n mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, díìsìkì kan ṣoṣo ni wọ́n pín sí méjì.

Àwọn bookmark yín ńkọ́, àwọn ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti fi àmì sí láti ọjọ́ pípẹ́? Nínú Chrome, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti O pọ̀, ẹ tẹ àmì tó ní ẹ̀kán mẹ́ta lókè, kí ẹ yan Export bookmarks. Bọ́tìnnì mẹ́ta kan náà ni ti Firefox. Ẹ wá Import and Backup níbẹ̀, kí ẹ yan Export Bookmarks to HTML. Fáìlì kékeré kan ni yóò jáde, ẹ kó o sínú fláàṣì. Ọ̀rọ̀ ìwọlé yín kò sí nínú rẹ̀ o. Ẹ kọ ìyẹn síbi tó láàbò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ Yorùbá, ẹ tún fetí sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fọ́ǹtì àtijọ́ kan lẹ fi ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, ẹ kó fọ́ǹtì náà dání. Láìsí i, ìwé yín lè ṣí, kí ó sì di jágbajàgba.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fáìlì bíi mélòó kan lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ rí i pé wọ́n pé. Ẹ yọ fláàṣì kúrò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má baà fọ́máàtì òun náà. Bí ohun náà bá ṣe pàtàkì, ẹ ṣe ẹ̀dà kejì, kí ẹ gbé e sí ilé ẹlòmíràn. Àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í jẹ ẹ̀bù iṣu rẹ̀ tán, kì í sì í kó gbogbo rẹ̀ sínú àká kan.

Owó fláàṣì kan kò tó owó ẹkún. Ẹni tó létí kó gbọ́.