Ẹ Ka Èèyàn Lẹ́nu Géètì

Nínú gbogbo òfin tí kòrónà kó wá bá wa, ẹyọ kan ló wúlò jù lọ, òun gan-an la sì yára jù nù. Kò kan ìbòmú, kò kan sànítáísà. Òun ni òfin tó ní kí ẹni tó bá ni ibi ìgbafẹ́, pápá, gbọ̀ngàn àríyá tàbí ojúbọ tí èrò ń wọ́ lọ mọ iye èèyàn tí àyè rẹ̀ gbà, kí ó máa ka àwọn tó ń wọlé, kí ó sì ti géètì bí iye náà bá pé. Èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà lórí èyí. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ń pe èrò jọ ní ilẹ̀ Yorùbá tí wọn kò sì ka èrò náà, kí ìjọba tì í pa, ìbáà jẹ́ owó ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà, ìbáà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa kọ́kọ́ sọ: kòrónà ti lọ, kí ló tún kù? Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 5, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú òfin ìgbà náà, ẹ jẹ́ ká gbàgbé rẹ̀. Ta ni yóò ṣàárò ìbọn tí wọ́n fi ń wọn ooru ara, tí wọ́n máa ń nà sí wa níwájú orí? Ní ọgbà ìgbafẹ́ kan tí mo lọ nígbà náà, lọ́sàn-án gangan, ẹ̀ṣọ́ na ìbọn sí mi, ìbọn ní 32, ẹ̀ṣọ́ ní kí n máa wọlé. Ẹni tí ara rẹ̀ bá wà ní 32 lóòótọ́, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló yẹ kó wà, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ta súyà. Ẹ̀ṣọ́ ò tilẹ̀ wo nọ́ńbà náà. Wọ́n ní kó máa na ìbọn, ó sì ń nà án.

Ìbòmú ńkọ́? Gbogbo wa la rí bí èèyàn mẹ́ta ṣe ń fi ẹyọ kan wọ báńkì: ẹni tó jáde á bọ́ ọ, ẹni tó fẹ́ wọlé á gbà á bo imú. Ọkọ̀ tó ń fín oògùn sójú títì kiri ńkọ́? Nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2020 ni àjọ yẹn kan náà ti sọ pé oògùn tí wọ́n ń fín sójú títì kò ran nǹkan kan, ó sì lè ṣe èèyàn ní jàǹbá. Kí gbogbo ìyẹn máa lọ ní àlọ rámirámi.

Èyí tí n kò lè gbójú fò ni àgádágodo tí wọ́n fi sẹ́nu ọ̀nà ibi tí kò ní òrùlé. Lálẹ́ ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, ọdún 2020 ni kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn náà sì gbé tiwọn dìde. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó yé mi. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí à ń bá jà. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó hàn gbangba pé inú ilé tí afẹ́fẹ́ ò ti ráyè kọjá ni àrùn yẹn ti ń rí èèyàn mú jù. Orí òkè Ìdànrè, etí omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, abẹ́ igi nínú igbó Ọ̀ṣun tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75: irú ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ìjọba ní kí àwọn èèyàn lọ gba atẹ́gùn, ní ìwọ̀nba, kí wọ́n máa kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọlé. Kíkà ni wọ́n kà sí wàhálà. Títì ló rọrùn.

Ta ló wá jìyà rẹ̀? Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún ìjọba ṣì ń retí owó oṣù. Ayàwòrán tó ń dúró ní ìsàlẹ̀ Òkè Olúmọ pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn, oṣù wo ló ń retí? Aládìrẹ Ìtòkú tí àlejò Olúmọ máa ń yà kí, ìyá tó ń ta kéègì fún àwọn tó fẹ́ bu omi Ọ̀ṣun, ọlọ́kadà tó ń gbé wọn láti gáréèjì, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè pé kí ni wọ́n jẹ sùn. Àwọn oníròyìn ń ka àlejò òkèèrè tí kò wá mọ́, wọn ò sì purọ́: lọ́dún 2020, àwọn tó rìnrìn-àjò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn fi nǹkan bí bílíọ̀nù kan dín sí ti ọdún 2019 káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n àlejò òkèèrè kọ́ ló ń bọ́ Olúmọ. Ọmọ ilé ìwé tó wá ṣe ẹsikọ́ṣàn, ọ̀dọ́ ìjọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde, àfẹ́sọ́nà méjì tó fẹ́ ya fọ́tò, àwọn ló ń bọ́ ọ, wọn ò sì nílò bàálù. Louvre ní Paris, ilé olórùlé, ṣílẹ̀kùn padà lọ́jọ́ 6, oṣù Keje, ọdún 2020, nítorí pé wọ́n ní kí ẹni tó ń bọ̀ kọ́kọ́ mú àkókò tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lóòótọ́, wọ́n tún tì í nígbà tí àrùn tún gbóná lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n bí ilé olórùlé bá rí ọgbọ́n kíkà dá, kí ló dé tí àpáta tí ojú ọ̀run ni òrùlé rẹ̀ kò fi rí i dá?

Nípa òfin tó ń wojú, n kò ní pẹ́ níbẹ̀, gbogbo yín lẹ rí i. Nínú oṣù Kẹrin ọdún 2020, wọ́n gbé òṣèré Fúnkẹ́ Akíndélé lọ sílé ẹjọ́ l'Ékòó nítorí àpèjẹ ọjọ́ ìbí tó ṣe fún ọkọ rẹ̀. Adájọ́ ní kó san 100,000 náírà, kó sì fi ọjọ́ 14 ṣiṣẹ́ ìlú. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì sí i tí Abba Kyari, olórí àwọn òṣìṣẹ́ Ààrẹ, fi kú. Èrò pé lé sàréè rẹ̀ lórí ní Àbújá, àwọn tó ń kéde ìtakété síra ẹni lórí tẹlifíṣọ̀n sì wà láàárín wọn. Ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn tó lọ síbi ìsìnkú ni pé kí wọ́n má tí ì wọ Aso Rock. Láti ọjọ́ yẹn lará ọjà ti mọ̀ pé òfin náà kì í ṣe fún gbogbo èèyàn. Nígbà tí Ààrẹ Buhari fi máa buwọ́ lu ìlànà kòrónà ní ọjọ́ 26, oṣù Kìíní, ọdún 2021, tó ní kí àpéjọ inú ilé má ju èèyàn 50 lọ, tó sì fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà halẹ̀ mọ́ ẹni tó bá rú u, ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rín. Bẹ́ẹ̀ ni òfin kíka èèyàn ṣe tẹ̀ lé òfin ìbọn àti òfin ìbòmú wọ kòtò kan náà.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ní bí ẹ bá fi iye sí èrò, ẹ ti pa àṣà. Irọ́ ni, kòrónà fúnra rẹ̀ ló tú u fó. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọ́n ṣe Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Àwọn tí ètùtù kàn ṣe ètùtù wọn, èrò jókòó sílé, Ọ̀ṣun ò sì bínú. Ní Salvador ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, lọ́jọ́ 2, oṣù Kejì, ọdún 2021, àwọn apẹja gbé ẹ̀bùn Yemọja lọ sójú òkun láìsí ọ̀pọ̀ èrò tó máa ń bo etíkun Rio Vermelho. Notting Hill ní London kò ṣe carnival lójú títì ní 2020 àti 2021. Ojúde Ọba náà sinmi. Èwo ló kú nínú wọn? Ojúde Ọba tó sinmi yẹn náà ni fọ́tò rẹ̀ gba ayé kan lọ́dún 2024, tí ẹni tí kò mọ ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde rí wá ń du ibi tí yóò dúró sí.

Ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí tán ni wàhálà dé. Èèyàn tí wọ́n ti sé mọ́lé kì í rọra jáde. Ní Houston ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 5, oṣù Kọkànlá, ọdún 2021, èèyàn 10 kú sínú èrò níbi eré orin Astroworld. Ní Itaewon ní ìlú Seoul, lálẹ́ ọjọ́ 29, oṣù Kẹwàá, ọdún 2022, Halloween àkọ́kọ́ tí òfin kòrónà kò dí lọ́wọ́ mọ́, àwọn ọ̀dọ́ ya bo àdúgbò kan. Ọ̀nà tóóró kan wà níbẹ̀ tí kò fẹ̀ ju nǹkan bí mítà mẹ́rin lọ, tó sì da gẹ̀rẹ́. Aago mẹ́fà ààbọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ẹnìkan ti pe ọlọ́pàá pé bí èrò yìí ṣe ń fún mọ́ra, èèyàn lè kú. Ó lé ní aago mẹ́wàá kó tó ṣẹlẹ̀. Ní gbogbo wákàtí wọ̀nyẹn, kò sẹ́ni tó dá èrò dúró lẹ́nu ọ̀nà náà. Èèyàn 159 ló ṣòfò. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ṣètò àríyá náà, nítorí náà kò sẹ́ni tí kíkà jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ló ń pani nínú èrò. Lórí ìdúró ni ọ̀pọ̀ ń kú. Nínú àyè tó jẹ́ mítà kan ní ìbú àti mítà kan ní òró, bí èèyàn bá tó mẹ́rin, wọ́n ṣì lè yí ara padà. Bí wọ́n bá ti di mẹ́fà, méje, ẹsẹ̀ ẹni kì í ṣe ti ẹni mọ́. Ẹnìkan á mì lẹ́yìn, àwọn tó wà níwájú á sì fì bí omi inú agbada. Àyà á fún pọ̀, èémí ò ní ríbi gbà wọlé. Ẹni tó wà lẹ́yìn ò mọ̀, ó rò pé wọn ò fẹ́ kí òun wọlé ni, ó ń tì. Kò sí igbe "ẹ sún sẹ́yìn" tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣì wà níta géètì ni ìgbàlà wọn wà.

Kò tilẹ̀ di ìgbà tí a bá dé Seoul. Ọjọ́ 18, oṣù Kejìlá, ọdún 2024, Islamic High School, Baṣọ̀run, Ìbàdàn. Àríyá ọdún fún àwọn ọmọdé, ọ̀fẹ́, wọ́n ti polówó rẹ̀, wọ́n ti ṣèlérí ẹ̀bùn. Láti kùtùkùtù làwọn òbí ti ń kó ọmọ dé. Ọmọ 35 ló kú. Kò sí àjàkálẹ̀ àrùn nígboro lọ́jọ́ náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, ó tún ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ní Maitama ní Àbújá, ó ṣẹlẹ̀ ní Okija ní Anambra. Ebi ló fà á, ni àwọn kan wí. Ebi ló mú wọn wá, mo gbà. Géètì tí kò lónkà ló pa wọ́n.

Wọ́n á sì ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n kà wọ́n ní Ìbàdàn. Láti ọsibítù kan sí òmíràn ni wọ́n ti kà wọ́n, tí ọlọ́pàá ń kọ iye wọn sílẹ̀. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí wọ́n kà wọ́n lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí ọmọ ṣì lè dáhùn bí ìyá rẹ̀ bá pè é.

Kí ló ná wa? Téèpù tí bíríkìlà fi ń wọn ilẹ̀. Ẹ wọn àyè náà, ẹ yọ ibi tí ìtàgé àti ìsọ̀ gbà, ẹ ṣírò iye èèyàn tí ìyókù gbà. Ẹ ya ọ̀nà ìwọlé sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà àbájáde. Kí ẹnìkan dúró lójú kìíní, kí èkejì dúró lójú kejì, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ bí èèyàn ṣe ń kọjá. Bí iye bá ti pé, ẹnìkan ní láti jáde kí ẹlòmíràn tó wọlé. Owó àga aláràbarà tí wọ́n ń yá fún àwọn ọlọ́lá máa ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kún àpò. Ní Olúmọ, níbi tí ẹ ti ń gba àárín àpáta méjì gòkè, ẹ ní láti tò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ń gòkè dúró de ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ò lè fún àpáta ní rìbá kó fẹ̀ sí i. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ló ń gbà á.

Àwọn oníṣòwò ibi ìgbafẹ́ á ní mo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn, pé lọ́jọ́ ọdún nìkan làwọn ń rí owó ọdún pa. Kí wọ́n ta ti òwúrọ̀, kí wọ́n ta ti ìrọ̀lẹ́. Kí wọ́n fi ọjọ́ kan kún un. Ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì ju àyè rẹ̀ lọ, ohun tí kò ní ló tà.

Ìpínlẹ̀ Èkó ní Lagos State Safety Commission tí irú iṣẹ́ yìí wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó kù fún ẹnìkan ní agbára láti ti géètì, kí gbogbo ìlú sì mọ orúkọ onítọ̀hún, ká lè mọ ẹni tí a óò mú. Kí wọ́n kọ iye sára pátákó lẹ́nu ọ̀nà, nọ́ńbà gàdàgbà, kí ìyá tó fa ọmọ lọ́wọ́ lè béèrè pé, "Mélòó ló ti wọlé?" Bí ẹni tó dúró níbẹ̀ ò bá mọ ìdáhùn, kí ìyá fa ọmọ rẹ̀ padà sílé. Kí kíkà náà bẹ̀rẹ̀ láti orí ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Kẹjọ, kí a má dúró de ìsìnkú inú oṣù Kejìlá mìíràn. Bí iye bá sì ti pé kí kọmíṣọ́nà tó dé, kí wọ́n ní kí òun náà tò sẹ́yìn.