Owó Abẹ́rẹ́ Ṣáájú Owó Ewúrẹ́: Ẹ̀bẹ̀ sí Ọmọ Savalou àti Bantè Nílé àti Lẹ́yìn Odi

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ní Tchetti, ní Doumè, ní Bantè, ní Pira, ní Gouka, ní Agoua àti ní àwọn abà tó yí wọn ká, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kútọnu, ní Parakou, ní Atakpamé, ẹ̀yin tí ẹ ń ro oko lọ́nà Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ẹ̀yin tí ẹ ti kọjá sí Abidjan, sí Libreville àti sí Paris, ẹ kú àjò, ẹ kú ìrántí ilé. Ẹgbẹ́ yín, ẹgbẹ́ ọmọ Savalou àti Bantè, ló ń bẹ̀ yín. Kí ẹni tó mọ̀wé jọ̀wọ́ kà á fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà.

Ọ̀rọ̀ ebi la gbé wá. Ó lè ya ẹlòmíì lẹ́nu, nítorí ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ ìyàn. Gàrí Savalou lórúkọ ní ọjà Kútọnu. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ lọ́dọọdún, èrò a ya wọ Savalou wá jẹ iṣu tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ìyá tó wà nílé léèrè ohun tó ń wà nínú ìkòkò láti oṣù Kẹrin títí wọ oṣù Keje, nígbà tí iṣu inú àká ti tán tí tuntun kò sì tíì ta. Gàrí ni, àmàlà láfún ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ewé tí kò rí ẹja, tí kò rí ẹran, tí kò rí ẹyin. Ọmọ á jẹun, ikùn á kún, àmọ́ ara rẹ̀ kò ní rí ohun tó máa fi dàgbà. Ọmọ tó bá lo ọdún méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ báyìí á rán, àìsàn kékeré á máa dá a gúnlẹ̀, bó bá sì dé ilé ẹ̀kọ́, ìwé á máa ni ín lára.

Àwọn kan á ní kajú ti dé, kajú ń mówó wọlé. Lóòótọ́ ni. Àmọ́ láàrin oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún ni owó rẹ̀ ń wọlé, gbèsè ló sì sábà máa ń pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Iye tí wọn óò rà á kò sí lọ́wọ́ wa. Ní ọ̀pọ̀ oko, igi kajú ti jókòó sórí ilẹ̀ tí à ń kọ ebè iṣu sí tẹ́lẹ̀.

Àwa tí à ń sọ èdè Ifẹ̀ àti Ìṣà kò pọ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin. Ní Savalou, àwọn ará wa Mahi ló pọ̀ jù wá lọ. A mọ bó ṣe ń rí kí ènìyàn kéré láàrin àwọn tó pọ̀: ètò ìrànlọ́wọ́ á pẹ́ kó tó kan ni, bó bá sì kan ni, èdè tí wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀ kò ní yé ìyá àgbà. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbọdọ̀ gbàgbé àwọn tó kéré jù wá lọ lórí ilẹ̀ wa. Àwọn Ditammari, Lokpa àti Yom tó ti àríwá wá dáko ń bẹ láàrin wa. Àwọn Fúlàní wà nínú gáà wọn. Àwọn àlejò tó ń dáko yìí, onílẹ̀ ló yọ̀ǹda ibi tí wọ́n ń ro fún wọn, onílẹ̀ kì í sì í fẹ́ kí wọ́n gbin igi sí i, nítorí ẹni tó bá gbin igi lè sọ pé òun ló ni ibẹ̀ lọ́la. Ọ̀pọ̀ obìnrin wa náà kò jogún ilẹ̀. Opó lè rí ibi gbin ẹ̀wà lọ́dún yìí kó má rí i lẹ́ẹ̀míì.

Ẹni tí wọn kò jẹ́ kó gbin kajú lè ní ewúrẹ́. Adìẹ kò bèèrè ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdí tí ẹgbẹ́ fi yan ọ̀sìn kéékèèké ṣáájú ohun gbogbo nìyí. Ewúrẹ́ ilẹ̀ wa tó kúrú yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Djallonké, ń fara da àrùn tí eṣinṣin tsetse ń kó ran màlúù. Oṣù márùn-ún péré ló fi ń lóyún, ó sì sábà máa ń bí ìbejì. Bí ọmọ bá ṣàìsàn lóru, ìyá rẹ̀ ti mọ ibi tí owó ilé ìwòsàn so mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ẹtù díẹ̀, nítorí a rò pé òun la fojú fò jù. Inú òjò ni ẹtù ń yé ẹyin, láti nǹkan bí oṣù Kẹrin lọ. Nígbà tí àká bá ti gbẹ gan-an ni ẹyin ẹtù ń dé. Kì í fẹ́ sàba dáadáa, nítorí náà abẹ́ àgbébọ̀ adìẹ la máa ń kó ẹyin rẹ̀ sí, a ó sì ní sùúrù fún un ju ti adìẹ lọ: 21 ọjọ́ ni adìẹ fi ń pamọ, ti ẹtù ń lọ sí 26 tàbí 28. Ta ló mọ iṣẹ́ yìí jù láàrin wa? Àwọn àlejò wa tó ti àríwá wá ni. Wọ́n bí i mọ́ wọn ni. A fẹ́ kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ wa, kí ẹgbẹ́ sì san owó iṣẹ́ wọn. Bákan náà, Fúlàní tó ń tọ́jú ẹran láti kékeré mọ ewúrẹ́ tí ara rẹ̀ kò dá kí àwa tó fura.

Ibi tí ẹ̀bẹ̀ wa wà gan-an la dé yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń fowó ránṣẹ́, a mọ̀ pé bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀sìn, owó ẹran ni ọkàn yín yóò lọ sí. Ẹ dákun, kì í ṣe ẹran ló wọ́n wa jù. Kò sí abà tí a kò ti ń rí adìẹ. Ikú ló ń kó wọn. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, àrùn tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní Newcastle á wọ agbo: adìẹ á sorí kọ́, ìgbẹ́ rẹ̀ á di àwọ̀ ewé, ọrùn rẹ̀ á yí, láàrin ọjọ́ mélòó kan ọ̀gbà á ti dá. Ti ewúrẹ́ ni àrùn tí wọ́n ń pè ní PPR. Imú á máa ṣomi, ẹnu á di egbò, ìgbẹ́ gbuuru á gbé e lọ. Ẹni tó bá kó adìẹ fún opó ní oṣù Kẹsàn-án láìgún wọn lábẹ́rẹ́, kó má retí àtibá wọn ní oṣù Kejì. Opó yẹn á ní orí òun ló burú. Kì í ṣe orí. Abẹ́rẹ́ tí a kò gún ni.

Ohun tó dun ni jù ni pé àwọn àrùn méjèèjì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ti PPR, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí a bá gún ewúrẹ́ á dáàbò bò ó fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Láti ọdún 1942 ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe àrùn náà ní Côte d'Ivoire, nítòsí wa níbí. Ní Abidjan náà ni FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, àti àjọ ìlera ẹranko lágbàáyé ti pinnu ní ọdún 2015 pé kí ó tán pátápátá nígbà tó bá fi máa di 2030. Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ rí: àrùn tó ń run màlúù, rinderpest, ti dópin ní gbogbo ayé ní ọdún 2011. Ti adìẹ, àjẹsára kan wà tí wọ́n ń pè ní I-2, tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà ṣe fún irú abà tiwa tí kò ní iná mànàmáná. Ó lè fara da ooru ju àwọn tó kù lọ. Abẹ́rẹ́ la ń pè é, àmọ́ ojú adìẹ ni wọ́n ń kán an sí. Ọmọ tó gbọ́n lè kọ́ ọ. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe léraléra lọ́dún, ẹ̀ẹ̀kan kò tó.

Nítorí náà, owó tí a kọ́kọ́ ń bẹ̀ yín fún ni owó abẹ́rẹ́: ti àjẹsára, ti kúlà tí wọn óò fi gbé e, ti epo ọ̀kadà, àti ti ẹ̀kọ́ fún ọ̀dọ́ méjì ní abà kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin kan, obìnrin kan, lábẹ́ ojú dókítà ẹran. A ní kí obìnrin wà níbẹ̀ nítorí àwọn obìnrin ló ni ọ̀pọ̀ adìẹ, kì í sì í rọrùn fún ọ̀dọ́kùnrin láti wọ ẹ̀yìnkùlé olóbìnrin láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n tó tú adìẹ sílẹ̀.

Bí abẹ́rẹ́ bá ti dúró ni a ó sọ ti ewúrẹ́. Ilé kọ̀ọ̀kan á gba abo méjì. Bí wọ́n bá bímọ, tí ọmọ já lẹ́nu ọmú, ilé náà á fi abo méjì fún ilé tó tẹ̀ lé e lórí ìwé. Àwọn bàbá wa kò ṣàjèjì sí i, wọ́n máa ń gbé abo ẹran fún ẹlòmíì sìn kí wọ́n tó pín ọmọ rẹ̀. Ilé opó àti ilé àlejò ló máa ṣáájú. Lórúkọ obìnrin ilé la ó kọ ẹran náà sí, ọkọ kò sì gbọdọ̀ tà á láìjẹ́ pé ó gbà. A mọ̀ pé gbólóhùn yìí á bí àwọn kan nínú. A ti rò ó, a kò sì ní yí i padà, torí ohun tó bá wà lọ́wọ́ ìyá ló ń yára dé ẹnu ọmọ.

Àwọn kan ti dábàá ẹlẹ́dẹ̀. Ní ọdún 1997, ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà wọ orílẹ̀-èdè yìí, ó sì run ẹlẹ́dẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ ní gúúsù. Kò sí àjẹsára rẹ̀ tí a lè gbára lé níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ilé wa jẹ́ ti Mùsùlùmí pẹ̀lú. A kò ní fi í bẹ̀rẹ̀. Òyà dára ní tirẹ̀. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń kọ́ni ní sísin rẹ̀ ní Godomey, ẹran rẹ̀ sì lówó lórí. Ṣùgbọ́n àgò rẹ̀ ń ná ni lówó. Ọ̀dọ́ tó bá ní agbára kó wá bá wa sọ ọ́ lọ́tọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, owó kọ́ la ń tọrọ lọ́wọ́ yín. Ẹ so ewúrẹ́ nígbà tí irè bá wà lóko, nítorí ewúrẹ́ tó bá jẹ ẹ̀wà àlejò á da ìjà sílẹ̀ láàrin ẹ̀yà méjì. Ẹ kọ́ ilé tó ga nílẹ̀ fún wọn kí òjò má ba ẹsẹ̀ wọn jẹ́. Ẹ gbin àgunmániyè sí ọgbà, ẹ pa ewé ẹ̀pà àti ti òtílí mọ́ fún ẹ̀ẹ̀rùn. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí ẹ ń dà sẹ́yìn ibi gàrí, oúnjẹ ẹran ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oró wà nínú rẹ̀ ní tútù. Ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwádìí ILRI àti IITA ti fi hàn pé bí a bá rin ín, tí a fún omi rẹ̀ dànù bíi ti gàrí, tí a sì sá a sóòrùn, á gbẹ láàrin ọjọ́ kan, oró á sì dín gan-an. Ohun èlò tí ẹ fi ń ṣe gàrí náà ni. Ẹyin ńkọ́? Ẹ má tà á tán. Kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún jẹ nínú rẹ̀ kí agbọ̀n tó jáde lọ sọ́jà.

A ó pàdé nígbà ọdún iṣu ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú yín máa wálé. Ẹni tí kò bá lè wá, kó rán owó rẹ̀ nípasẹ̀ ẹ̀ka ẹgbẹ́ tó wà nílùú tó ń gbé, kó sì gba ìwé ẹ̀rí. Kí owó abẹ́rẹ́ ti pé ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, kí àwọn ọ̀dọ́ lè jáde ní oṣù Kẹwàá kí ọyẹ́ tó dé. Ní abà kọ̀ọ̀kan, a ó ka iye tó wọlé àti iye tó jáde síta, ní èdè Ifẹ̀, Ìṣà, Mahi àti Fúlàní, níṣojú gbogbo ènìyàn.

Àwa ọmọ ìyá yín, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́.