Okùn Ajá Nínú Aṣálẹ̀ Olódòdó

Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ aṣálẹ̀, tí ó sì gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ilẹ̀ òfìfo ni à ń sọ, kí olúwarẹ̀ má ṣe yára dá ẹjọ́. Ní apá gúúsù ìpínlẹ̀ California, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọgbà ìjọba kan wà tí à ń pè ní Anza-Borrego, tí ó gbòòrò ju 600,000 éékà lọ. Òjò tí ń rọ̀ láàárín ọdún kan gbáko ní ìlú kékeré tí ó wà nínú rẹ̀ kì í sábà pé ínǹṣì 7; òjò oṣù Òkúdù nìkan ní Ìbàdàn lè tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ yìí ní àsìkò tirẹ̀ tí ó ń wọ aṣọ oyè.

Irúgbìn òdòdó ń bẹ nínú iyanrìn ibẹ̀ tí ó ti sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èèpo púpọ̀ nínú wọn ní ohun kan lára tí kì í jẹ́ kí wọn hù, àfi bí òjò tí ó tó bá fọ̀ ọ́ dànù. Nítorí náà, ọ̀wààrà kékeré kan kò lè tàn wọ́n jáde. Ṣùgbọ́n bí òjò ìgbà òtútù bá rọ̀ dáadáa, tí ó sì rọ̀ léraléra, láti oṣù Èrèlé títí di oṣù Igbe ni òdòdó aláwọ̀ ìyeyè, ti àlùkò àti funfun yóò tẹ́ sórí iyanrìn bí ẹní. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní 2017, tí ó sì tún rí ní 2019.

Lásìkò yìí, àwọn kan wà ní àgbègbè náà tí kì í jẹ́ kí oòrùn bá wọn lórí ibùsùn. Wọn a dìde ní fẹ̀ẹ̀rẹ̀, wọn a fi okùn sí ajá wọn lọ́rùn, wọn a sì gba ojú ọ̀nà eléruku lọ. Ajá kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ lásán nínú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ojú ni ọmọ ènìyàn fi ń wo òdòdó. Imú ni ajá fi ń ka ilẹ̀. Níbi tí ọ̀gá rẹ̀ kò ti rí nǹkan kan, ajá a dúró gbagidi, nítorí pé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kọjá níbẹ̀ lóru, tàbí pé ehoro ṣẹ̀ṣẹ̀ sá wọ abẹ́ igbó. Bí ajá bá dúró, ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ dúró. Níbi ìdúró náà ni yóò ti rí kòkòrò tí ń jẹ ewé òdòdó, èyí tí yóò di àfòpiná lẹ́yìn ọ̀la bí àṣá kò bá kọ́kọ́ rí i. Ẹni tí ó bá dá rìn ìbá ti kọjá.

Òfin ọgbà náà ni pé okùn ajá kò gbọdọ̀ gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ, àti pé ajá kò gbọdọ̀ kúrò lójú ọ̀nà ọkọ̀ àti ibi tí àwọn àlejò ń pàgọ́ sí. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tóóró tí ó gba inú àfonífojì àti orí òkè kì í ṣe ti ajá rárá. Òfin yìí a máa bí àwọn tí ó ní ajá nínú. Wọn a ní, nínú ilẹ̀ tí ó tóbi tó báyìí, kí ni ajá kan ṣoṣo lè bàjẹ́? Wọn a tún ní, èéṣe tí a fi gba bàtà ènìyàn láyè níbi tí a ti lé àtẹ́lẹsẹ̀ ajá? Ìbéèrè kejì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀rín dá a nù.

Ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àgùntàn igbó tí ọgbà náà fi ń jẹ́ Borrego, nítorí àgùntàn ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà lédè Sípéènì. Àwọn àgùntàn oníwo ńlá wọ̀nyí kéré níye tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi kọ orúkọ wọn mọ́ ti àwọn ẹranko tí ó fẹ́ run ní 1998. Lójú wọn, ajá kò yàtọ̀ sí coyote, ìbátan ìkookò tí ń pa ẹran jẹ. Bí wọ́n bá gbóòórùn rẹ̀ nítòsí omi, wọn a sá. Nínú aṣálẹ̀, ẹranko tí a lé kúrò nídìí omi, ikú ni a lé e bá. Ajá náà kò sì mọ ibi tí ọ̀nà pin sí. Òdòdó tí ó bá tẹ̀ pa kí ó tó so, irúgbìn rẹ̀ kò ní sí nínú iyanrìn de òjò tí ń bọ̀. Àǹfààní ajá fúnra rẹ̀ pàápàá ń bẹ nínú okùn. Ejò kan wà níbẹ̀ tí ìrù rẹ̀ ń dún bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìgbà ìrúwé gan-an ni ó sì ń jáde wá yá oòrùn. Oríṣi orọ́ kan wà pẹ̀lú, cholla ni orúkọ rẹ̀, tí ẹ̀gún rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ajá bí ẹni pé ó fò mọ́ ọn. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ọlọgbọ́n fi ń mú ìyarun dání, kì í ṣe nítorí irun.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe di gbogbo ẹrù lé ajá lórí. Ní 2019, ní àfonífojì Walker lẹ́bàá ìlú Lake Elsinore, ní ìpínlẹ̀ yìí kan náà, ènìyàn ni ó ya bo òdòdó aláwọ̀ ọsàn tí ó bo orí òkè, tí àwọn mìíràn ń dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ kí wọ́n lè ya àwòrán, títí ìlú fi ní láti ti ibẹ̀ pa fún ìgbà díẹ̀. Ní 2023, kí èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ni wọ́n ti tì í. Ajá kì í wá àwòrán. Àwọn ènìyàn kan wà tí okùn ẹsẹ̀ bàtà 6 yẹ lọ́rùn ju ajá lọ.

Ẹni tí ó bá sì pa òfin ajá mọ́, kí ni ó pàdánù? Ọ̀nà Henderson Canyon, tí ọkọ̀ ń gbà, a máa la pápá òdòdó kọjá ní ọdún tí òjò bá dára. Ní fẹ̀ẹ̀rẹ̀, kí ọkọ̀ tó pọ̀, ọ̀gá àti ajá lè jọ rìn létí rẹ̀. Òdòdó funfun kan wà tí ń là ní ìrọ̀lẹ́, tí ó sì ń pa ojú dé bí oòrùn bá ti ń mú. Ẹni tí ó bá tètè jí ni ó ń bá a. Nígbà tí ó bá fi pa ojú dé tán, ahọ́n ajá ti yọ síta, omi inú ìgò ti dé ìdajì, ó sì ti tó àkókò láti yí padà sílé.