Ẹ Yé Fún Ohùn Àwọn Àgbà Lọ́rùn

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Òwe yìí ni àwọn baba wa fi ń kìlọ̀ fún ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Lónìí, ó tọ́ kí a fi kìlọ̀ fún ẹni tí ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọ̀dọ́ wa ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Àjàṣẹ́ àti ní Kútọnu ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ alágbèéká àti kọ̀ǹpútà ṣe pọ́díkáàsì ní èdè Yorùbá. Iṣẹ́ rere ni, a kí wọn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àléébù kan wà nínú rẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fi bò: à ń fún ohùn àwọn àgbà lọ́rùn, a sì ń pe fífún náà ní àtúnṣe.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo jókòó ti ìyá arúgbó kan ní agbègbè Kétu, mo sì gba àlọ́ àti oríkì ìdílé rẹ̀ sílẹ̀ fún ohun tí ó lé ní wákàtí kan. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ìwà ẹ̀tàn Ìjàpá, ìyá a rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí ń sọ àṣírí. Bí ó bá wá dórí oríkì, ohùn a ru sókè, gbogbo àgbàlá a sì pa rọ́rọ́. Mo gbé iṣẹ́ náà fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ kọ̀ǹpútà lò. Nígbà tí ó dá a padà, ohun gbogbo ti di ọgbọọgba. Àṣírí ń ké, oríkì kò ga ju àṣírí lọ, fáànù ilé sì ń hó láàárín gbólóhùn kan àti èkejì. Ìyá ti papòdà kí a tó gbé e jáde. Ọmọ rẹ̀ obìnrin gbọ́ ọ, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: “Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni, kì í ṣe ohùn ìyá mi. Ìyá mi kì í pariwo.” Mo béèrè fáìlì àkọ́kọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní òun ti pa á rẹ́ kí àyè lè wà nínú ẹ̀rọ òun. Ẹ̀bi náà tèmi ni ṣáájú tirẹ̀, nítorí èmi ni n kò sọ fún un pé kí ó tọ́jú rẹ̀.

Kí ni ẹ̀rọ tí à ń wí yìí ń ṣe? Àwọn Faransé ń pè é ní compresseur. Èmi yóò pè é ní afúnhùn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì í mú fún compression kejì, èyí tí ń sọ fáìlì ńlá di MP3 kékeré. Orúkọ wọn jọra, iṣẹ́ wọn kò jọra. Afúnhùn ń pa ààlà kan. Ohùn tí kò bá dé ààlà, kò ní fọwọ́ kàn án. Èyí tí ó bá kọjá ààlà, yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n tí a bá yàn fún un. Bí ìwọ̀n bá jẹ́ 4 sí 1, ohùn tí ó fi décibel 8 kọjá ààlà, 2 péré ni yóò fi kọjá nígbà tí ó bá jáde. Lẹ́yìn èyí ni a ó gbé gbogbo rẹ̀ sókè lápapọ̀. Níbẹ̀ ni ariwo fáànù, igbe ewúrẹ́ àti zémidjan tí ń kọjá lójú títì ti ń bá ohùn arúgbó gòkè.

N kò ní parọ́ mọ́ ẹ̀rọ. Òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí ó gbé èdè wa ró, gíga ohùn ni wọ́n, wọn kì í ṣe agbára rẹ̀. Afúnhùn kò lè sọ igbá di igbà. Ṣùgbọ́n àmì ohùn nìkan kọ́ ni èdè. Agbára ohùn ni a fi ń mọ ìkìlọ̀ yàtọ̀ sí àwàdà, òun ni a fi ń mọ àdúrà yàtọ̀ sí àṣẹ. Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní ọdún 2001, tí ó sì wọ inú àkójọ àjogúnbá aráyé tí a kò lè fọwọ́ bà ní 2008. Ní òru ẹ̀fẹ̀, akọrin a júbà àwọn ìyá, a bú ẹni tí ó yẹ ní bíbú, a sì gbà ìlú níyànjú. Bí ìjúbà, èébú àti ìmọ̀ràn bá ń lu etí pẹ̀lú agbára kan náà, kí ni a gbà sílẹ̀?

Alábàárìn kan wà fún afúnhùn tí ó tún burú jù ú lọ: ẹ̀rọ tí ń ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ohun tí ó bá rẹlẹ̀, kí ariwo má baà wọlé. Nínú Yorùbá, ohùn a máa wálẹ̀ bí gbólóhùn bá ń lọ sópin; ohùn ìsàlẹ̀ tí ó bá wà ní ìparí a sì máa fẹ́rẹ̀ẹ́ di èémí lásán. Ilẹ̀kùn yìí kò mọ èémí yàtọ̀ sí ariwo. Ó ń gé fáwẹ́ẹ̀lì ìkẹyìn jù nù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bí sí Paris tàbí sí Lomé, tí ó ń fi ètò wa kọ́ èdè baba rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni wọ́n wí ni tàbí ọkọ, nígbà tí a ti gé ibi tí ìyàtọ̀ wà?

Àwọn kan yóò dáhùn pé orí alùpùpù àti inú ọjà ni àwọn olùgbọ́ wa wà, pé bí ohùn kò bá lágbára, wọn yóò pa á. Òótọ́ wà níbẹ̀. Nítorí náà ni n kò ṣe sọ pé kí a ju afúnhùn nù. Ẹni tí ó ń rọhùn tí ó sì ń ké nílò ìrànlọ́wọ́ díẹ̀, kí olùgbọ́ má baà máa fọwọ́ yí ẹ̀rọ sókè sódò. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ kì í ṣe ìpànìyàn. Àwọn mìíràn yóò ní ìlànà àgbáyé ni àwọn ń tẹ̀ lé. Ìlànà wo? EBU, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ rédíò Yúróòpù, gbé R 128 jáde ní 2010, ó fi ìwọ̀n sí -23 LUFS. Apple dámọ̀ràn -16 fún pọ́díkáàsì. Ìwọ̀n àpapọ̀ ètò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni méjèèjì. Kò sí èyí tí ó pàṣẹ pé kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan dọ́gba.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Ẹ pa fáànù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé gbohùngbohùn súnmọ́ ẹnu àgbà ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, nítorí kò sí afúnhùn tí ó lè tún ohùn tí a gbà láti òkèèrè ṣe. Níbi tí ohùn bá ti rẹlẹ̀ jù, ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé e díẹ̀ kí ẹ tó pe ẹ̀rọ. Ẹ yan 2 sí 1 tàbí 3 sí 1, ẹ má jẹ́ kí ó tẹ ohùn ju décibel 3 tàbí 4 lọ. Bí ó bá ń tètè gbá ohùn mú jù, yóò pa bíbú jáde gb àti p wa. Ẹ̀dà ni kí ẹ fún, kí fáìlì WAV àkọ́kọ́ wà ní ibi méjì láìfọwọ́kàn. Ní ìkẹyìn, ẹ jẹ́ kí ọmọ ilé gbọ́ ọ kí ayé tó gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ní, “Ìyá wa nìyẹn,” iṣẹ́ parí.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, àṣejù ni baba àṣetẹ́. Àwọn àgbà tí ń lọ kò ní padà wá tún ọ̀rọ̀ wọn sọ fún wa. Bí àwọn ọmọ wa bá fẹ́ mọ bí ìyá àgbà ṣe ń rọhùn nígbà tí ó bá fẹ́ràn ẹni, ohun tí a bá gbà sílẹ̀ lónìí nìkan ni wọn yóò rí gbọ́.