Ta Ló Sọ Pé Ìjì Kì Í Dé Grenada? Ọ̀rọ̀ sí Ẹ̀yin Tó Fi Ọkọ̀ Ìgbòkun Ṣe Ilé

Bí oṣù karùn-ún bá ti ń parí lọ, àwọn tó fi ọkọ̀ ìgbòkun ṣe ilé láàárín àwọn erékùṣù Caribbean a máa fa ìdákọ̀ró, wọn a dorí kọ gúúsù. Ẹ bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ń lọ, Grenada ni. Ẹ bi wọ́n pé kí ló wà ńbẹ̀, wọ́n á ní, “Ìjì kì í débẹ̀. Ìńṣọ́ránsì wa gan-an gbà bẹ́ẹ̀.” Irọ́ ni gbólóhùn àkọ́kọ́. Èkejì ló burú jù, torí òun ló ń fún irọ́ àkọ́kọ́ lẹ́sẹ̀ tó fi ń rìn.

Ìjì Janet ya wọ Grenada àti Carriacou, erékùṣù kékeré tó jẹ́ ti Grenada, ní oṣù kẹsàn-án 1955. Ó tó ọdún 49 kí irú rẹ̀ tó tún ya wọ ìlú náà. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún Janet ti di bàbá ọmọ, bóyá ó ti di bàbá àgbà pàápàá, kò tíì rí ìjì tó ṣí òrùlé gbogbo ìlú. Àárín àkókò yẹn ni ọ̀rọ̀ “kì í débẹ̀” ta gbòǹgbò. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án 2004, Ivan dé. Èèyàn 39 kú ní Grenada nìkan, nínú ilé mẹ́wàá, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ló bàjẹ́. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti gbé sórí ilẹ̀ wó lu ara wọn, èyí ti èyí ṣubú. Ọdún kò yí po tí Emily fi tẹ̀ lé e, ní oṣù keje 2005.

Bí ẹnì kan bá ní ti àtijọ́ nìyẹn, kó rántí Beryl. Afẹ́fẹ́ àti òjò tó gbéra létí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ló di Beryl lójú agbami, bí ọ̀pọ̀ irú wọn ti máa ń ṣe. Ọjọ́ 1 oṣù keje 2024 ló balẹ̀ sí Carriacou, ìyára atẹ́gùn rẹ̀ sì tó kìlómítà 240 ní wákàtí kan. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, kò tíì lórúkọ. Àwọn ọlọ́kọ̀ tó wà ní èbúté Tyrrel Bay ní Carriacou ṣe ohun tí àgbà ọlọ́kọ̀ máa ń ṣe: wọ́n wakọ̀ wọ inú igbó ẹ̀gbà, wọ́n ta okùn mọ́ gbòǹgbò lọ́tùn-ún lósì. Ẹ wo okùn ọ̀hún níbi tó ti gba etí ọkọ̀ kọjá. Náílọ́nù ni. Bí atẹ́gùn bá ń ti ọkọ̀ lọ, tó ń tì í bọ̀, okùn á máa fà, á máa sún, á máa ha ara mọ́ irin. Inú rẹ̀ á gbóná débi tí fọ́nrán rẹ̀ á fi yọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dán. Bí ọ̀kan bá já, èyí tó kù á gba ẹrù rẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Nígbà tí ìjì náà lọ, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n bá tó gun ara wọn lórí nínú igbó náà.

Kí wá ni ìńṣọ́ránsì gbà gan-an? Ìlà kan lásán ni. Nínú ìwé àdéhùn ìńṣọ́ránsì, lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà di ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá, wọ́n á ní kí ọkọ̀ má kọjá ibì kan sí àríwá. Ìwé kan á fi ìlà sí 12°40' ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé, òmíràn á fi í sí 12°00'. Carriacou wà ní nǹkan bíi 12°28'. Ẹ wo ọkọ̀ méjì tó fara kanra nínú ẹrẹ̀ kan náà ní Tyrrel Bay: ìwé ti ọ̀kan ní ó wà nílé, ìwé ti ìkejì ní ó ti rékọjá ààlà. Atẹ́gùn kan náà ló ń bọ̀ wá bá àwọn méjèèjì. Oníṣirò ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló fa ìlà yẹn, kó lè mọ iye ọdún tó ṣeé ṣe kí wọ́n fi gbowó kí wọ́n tó sanwó. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ẹni tó sọ ìṣirò rẹ̀ di ògiri ni mo ń bá jà.

Kódà, ọkọ̀ lè wà nísàlẹ̀ ìlà kí wọ́n má sanwó. Lẹ́yìn tí ìjì Irma àti Maria ba ọkọ̀ jẹ́ lọ rẹpẹtẹ ní 2017, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ mú àdéhùn wọn le. Nínú ìwé kan, ìjì tí wọ́n bá ti fún lórúkọ kò sí lára ohun tí wọ́n ń sanwó lé rárá. Nínú òmíràn ó wà, ṣùgbọ́n iye tí ọlọ́kọ̀ máa kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ rù á pọ̀ sí i bí ìjì náà bá lórúkọ. Òmíràn ní ìlérí nínú: pé ẹ ó gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀, ẹ ó dè é mọ́lẹ̀, ẹ ó ká ìgbòkun. Ẹ má fojú kékeré wo irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ní 2019, ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan fìdí sọ ilẹ̀ lábẹ́ omi nítòsí Fort Lauderdale ní Florida. Ilé-iṣẹ́ ìńṣọ́ránsì rẹ̀ kọ̀, wọn ò sanwó. Wọ́n ní ọlọ́kọ̀ kò yẹ ohun èlò panápaná inú ọkọ̀ náà wò lásìkò. Iná kankan kò jó o! Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kejì 2024 gbogbo adájọ́ sì fẹnu kò pé òfin ìpínlẹ̀ tí ìwé àdéhùn bá dárúkọ ni kí wọ́n sábà máa tẹ̀ lé. New York ni ti ìwé yẹn dárúkọ. Pennsylvania ni ọlọ́kọ̀ ti wá, òfin ibẹ̀ ló sì gbójú lé.

Ẹ̀yin tó ń gbé inú ọkọ̀, ilé yín ni. Bí ẹ bá kọ sí fọ́ọ̀mù pé òpin ọ̀sẹ̀ nìkan lẹ ń lò ó, kí owó lè dín, ẹ ti fún wọn ní ohun tí wọ́n á dì mú tí wọn kò fi ní san kọ́bọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ibẹ̀ lẹ ń sùn. Ẹ wo iye tí wọ́n máa san náà: ìwé kan á ní iye tí a jọ fẹnu kò sí, òmíràn á ní iye tí ọkọ̀ ọlọ́dún 30 lè pa lọ́jà lọ́jọ́ tó bàjẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yẹn kò lè ra ilé míì fún yín. Àwókù ọkọ̀ ńkọ́? Wọ́n lè pàṣẹ kí ẹ gbé e kúrò nínú omi, owó gbígbé e sì lè ju owó ọkọ̀ gan-an lọ.

Wọ́n á ní ìńṣọ́ránsì ìjì ti wọ́n jù. Òótọ́ ni, ó wọ́n. Bí apá yín kò bá ká a, èrò tèmi ni pé kí ẹ ra èyí tó ń sanwó ohun tí ọkọ̀ yín bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn, tó sì ń gbé àwókù. Ẹ wá fi owó tó ṣẹ́kù gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ ní Chaguaramas ní Trinidad, ní nǹkan bíi 10°40', kí wọ́n fi bẹ́líìtì dè é mọ́ irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ìjì ti dé Trinidad náà rí, ní oṣù kẹfà 1933, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ ju Grenada lọ.

Kí oṣù karùn-ún tó parí, ẹ kọ̀wé sí alágbàtà yín. Ẹ má pè é lórí fóònù. Ẹ bi í pé: “Bí ìjì tó lórúkọ bá bá ọkọ̀ mi ní èbúté báyìí, ní oṣù kẹjọ, tí mo ń gbé inú rẹ̀, ṣé ẹ ó san àbí ẹ ò ní san? Eélòó?” Orúkọ èbúté gan-an ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Bí èsì bá dé, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ẹ fi í sínú àpò tí ẹ ó gbé bí ẹ bá ń sá kúrò nínú ọkọ̀. Bí èsì kò bá dé, ẹ má tíì fa ìdákọ̀ró.